Ẹyin Inú Yàrá Búrẹ́dì

Ẹyin méjì ti ń ké nínú àpótí kí iná tó lọ.

Tíṣà gbọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn, ó gbé etí lé pákó, ó sì gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná ha ìdí abọ́. Ohùn kejì dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ọjọ́ kọkànlélógún pé lónìí, ọmọ adìẹ tó bá sì ti ń ké nínú èèpo, ó ti mọ̀nà ilé. Ìgbà náà ni gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú àpótí ìsàba kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò kọ́kọ́ dìde. Ní àdúgbò wọn, iná a máa lọ, a máa bọ̀, bí ọkọ ọ̀mùtí; ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò fi ṣèrè jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè sí fèrèsé, ó rí i pé fáànù ń yí nílé òdìkejì, gílóòbù ìta sì ń jó nílé tó tẹ̀lé e. Ó wá rí àkàbà tó fara ti òpó iná iwájú ilé tiwọn, àti bàtà òjò aláwọ̀ ewé méjì lórí rẹ̀.

Alákàbà ni wọ́n ń pe ẹni tó ni bàtà náà. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ iná gbà á fún ni kó máa so wáyà tó bá já. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó máa já wáyà tó so. Lóṣooṣù, ilé kọ̀ọ̀kan a ká nǹkan sínú bébà, a nà án sí i láti ojú fèrèsé, bí ẹni ń fún ẹlẹ́wọ̀n lóúnjẹ. Owó àkàbà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá lọ san owó iná ní báńkì tí kò san owó àkàbà, òkùnkùn ló fi owó ara rẹ̀ rà.

Tíṣà da ìborùn lé aṣọ ìsùn, ó mú fáìlì rìsíìtì, ó jáde.

"Kí ló ṣe wáyà wa tó o fi já a?"

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà." Alákàbà ò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀. "Wáyà yín ló ń ṣe pàtàpàtà lókè yìí. Ó fẹ́ àtúnṣe. Ẹ ṣáà wá nǹkan fáwọn ọmọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Mo ti sanwó. Títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Wò ó." Ó gbé fáìlì sókè. Ó ti to rìsíìtì ọdún náà tẹ̀léra-tẹ̀léra, bó ṣe máa ń to ìwé ìdánwò.

Alákàbà sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gba fáìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. "Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ Tíṣà, ṣé bébà lẹ máa fi tan iná ni?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ pé òní lẹyin yín máa pa. Ó ṣe mí láàánú. Ẹ má jẹ́ kí agídí pa ohun tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ló gún Tíṣà lọ́kàn. Ọkùnrin yìí ti ka ọjọ́ orí ẹyin kó tó gbé àkàbà.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró níwájú pátákó," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá, "tí mò ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ohun tí kì í ṣe tiwọn, kì í ṣe tiwọn. Mi ò ní torí gílóòbù mẹ́rin nu ohun tí mo kọ. Gbé àkàbà rẹ kúrò níwájú ilé mi."

"Kò burú," ni Alákàbà wí. "Ẹ mọ nọ́ńbà mi." Ó gbé àkàbà kọ́ èjìká, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Káfíńtà, ọkọ Tíṣà, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá, èérún igi nínú irun apá rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"O ò bá ti fún un."

"Kí n fún un ní kí ni?"

"Ohun tó fẹ́! Ẹyin mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Ìyá àwọn ọmọ! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kan àpótí yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi ń fojú kan sùn. Ó wá ku wákàtí mélòó kan, o gbé rìsíìtì jáde."

"Bí a bá fún un lónìí, a ó tún fún un lóṣù tó ń bọ̀. Ilé yìí ò fún un rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í—"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ilé yìí ò fún un rí?"

Ẹyin lohùn. Káfíńtà wolẹ̀ bí ẹni ń wá èèpo rẹ̀ ṣà.

"Ta lo rò pé ó ń jẹ́ kí iná wa máa jó láti oṣù mẹ́ta?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ báyìí. "Oṣù yìí ni mi ò rí nǹkan fún un. Ìdí tó fi gun òpó nìyẹn."

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni Tíṣà ti dìde nípàdé àdúgbò, tó fọwọ́ sọ̀yà, tó ní ilé òun ò san owó àkàbà rí, kí àwọn tó kù náà ṣọkàn gírí. Ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń tẹjú mọ́ bàtà lásìkò bẹ́ẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé kẹ́tùlù tó fẹ́ fi po tíì ọkọ rẹ̀ kúrò lórí sítóòfù, ó rọ omi gbígbóná náà sínú ìgò mẹ́ta, ó fi aṣọ wé wọn, ó sì kó wọn lọ bá ẹyin.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Káfíńtà, wà lórí àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Adìẹ ń làágùn," ló wí, "ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀."

Kò sọ ẹni tó ń bá wí. Ọmọ rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ayùn.

Ẹyin náà kì í ṣe èyí tí èèyàn lè lọ rà lọ́jà bí ó bá bàjẹ́. Ojú ọjọ́ ti ya wèrè láti ọdún mélòó kan: òjò ń rọ̀ nígbà tó yẹ kí ilẹ̀ gbẹ, oòrùn ń jó nígbà tó yẹ kí àgbàdo máa mu omi, ọmọ adìẹ tí àwọn ará àdúgbò ń rà nínú páálí kì í sì í lò tó oṣù kan tó fi ń kú. Ọdún mẹ́rin ni Tíṣà fi ń ṣa tirẹ̀. Èyí tí òjò òjijì bá pa, kó lọ. Èyí tí ooru bá dá lágara, kó lọ. Èyí tó bá la méjèèjì já ni yóò jẹ́ ìyá ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi ní àwọn adìẹ kan, ẹlẹ́sẹ̀ gíga, ọlọ́rùn borokoto, tí òjò á pa títí tí wọ́n á kàn gbọn ara nù bí ajá. Yàtọ̀ sí ọmọ tó bí, kò sí ohun tó ṣe láyé tó ń mú orí rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kọjá agbára wọn. Àkùkọ kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, adìẹ mẹ́fà tẹ̀lé e. Méjì péré ló kù, kò sì sí èyí tó fẹ́ sàba nínú wọn. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìdílé náà wà nínú àpótí.

Oòrùn yọ, ó sì kọ́kọ́ ṣe wọ́n lóore. Kò tíì tó agogo mẹ́wàá tí páànù fi ń ké lókè. Tíṣà àti Ìyá Àgbà wọ́ àpótí náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ooru ti ń ru lù wọ́n bí èémí màlúù. Ẹyin fẹ́ ooru dígírì mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru, tí Tíṣà so mọ́ ojú gíláàsì àpótí, ń fi mọ́kàndínlógójì hàn. Ó ṣí àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó rẹ aṣọ sínú omi, ó nà án sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà gbẹ. Nígbà tí ooru wálẹ̀ sí ibi tó yẹ, ó mí kanlẹ̀.

"Ooru tó pa bàbá wọn ló wá ń bá wa sàba lé wọn," ni Ìyá Àgbà wí. "Ayé yìí sì rèé."

Rédíò ló kọ́kọ́ wá wò wọ́n, bàbá arúgbó òdìkejì òpópónà tí kì í gbé rédíò kúrò lábíyá, ìyẹn náà ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ àpótí, ó mi orí.

"Wọ́n ní kò ní sí òjò fún ọjọ́ mẹ́wàá."

"Àwọn wo?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Rédíò."

"Àwọn èèrà yẹn ò ní rédíò." Ìyá Àgbà nawọ́ sí ara ògiri. Ìlà dúdú kan ń gòkè lọ sábẹ́ páànù, èèrà kọ̀ọ̀kan gbé ẹyin funfun rẹ̀ sẹ́nu. "Àwọn náà ní ẹyin tí wọ́n ń tọ́jú."

Rédíò rẹ́rìn-ín, ó wá sún mọ́ Tíṣà. "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń sọ kiri àdúgbò láti àárọ̀. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Wọ́n ní ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ lọ sílé ìwé ni? Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fún un ní kékeré..."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Tíṣà dáhùn. Ayùn tó ń ké nínú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Fáànù ilé Rédíò ń yí lójú wọn. Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìẹ.

Ní ọ̀sán gangan, ẹyin kan ní ìlà kejì ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Tíṣà pe Ìyá Àgbà. Àwọn méjèèjì rọra bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì. Wọ́n rí orí àgógó, ó yọ, ó pa dà, ó tún yọ. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ láìjẹ́ kó dún. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yìn ilé ṣókùnkùn.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ yí padà, ó tutù bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì láàárín ọ̀run. Aṣọ tó wà lórí okùn na tàntàn. Òjò dé, kì í ṣe òjò lásán, yìnyín ni, ó tóbi tó èso àgbálùmọ̀, ó ń lu páànù debi pé wọn ò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Tíṣà ta kúbùsù bo àpótí. Nígbà tó wo ẹ̀rọ, ó ti di mẹ́rìndínlógójì. Ó sáré di àwọn ihò. Ó sáré lọ gbé kẹ́tùlù kaná. Kẹrosíìnì inú sítóòfù jó díẹ̀, ó kú. Àpò èédú tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ti di omi dúdú tó ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Ó pa dà dé, ẹ̀rọ ń fi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n hàn. Páànù kan ṣí lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fò kọjá orí wọn lọ.

Ìyá Àgbà ti ṣí àpótí. Ó mú ẹyin mẹ́rin tó ti ní ihò, ó tẹ̀ wọ́n sáàárín ọmú rẹ̀, ó fi ìró gba àyà.

"Ìyá!"

"Àyà yìí ti gbé ọmọ mẹ́fà. Mẹ́rin míràn ò ní pa á." Ó tọ́ka síwájú. "Ìyàwó, gbé ojú ẹ sókè. Níbo lo ti rí ooru?"

Tíṣà gbójú sókè. Nínú gbogbo àdúgbò tó ti ṣú bí eérú, ibì kan ṣoṣo ni èéfín ti ń jáde: ṣímínì Ìyá Oníbúrẹ́dì, lẹ́yìn ọgbà pákó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí òun àti Ìyá Oníbúrẹ́dì ò kí ara wọn. Oníbàárà kan ló bá ìyẹ́ adìẹ nínú búrẹ́dì, ó sì gbé e dání wá síwájú èrò. Ìyá Oníbúrẹ́dì bọ́ sójú ọ̀nà, ó ní ẹni tó mọ̀wé tí kò mọ ibi tí ìyẹ́ adìẹ rẹ̀ ń fò lọ, kí ni wọ́n ń fi ìwé náà dì? Tíṣà ní ìyẹ̀fun tí èèyàn ò bá bò ló ń gba àlejò. Ọjọ́ kejì ni Káfíńtà gé pákó, tó ṣe ọgbà sáàárín àgbàlá méjèèjì.

Ó rọrùn fún un láàárọ̀ láti sọ pé òun ò ní fún Alákàbà. Èyí ò rọrùn. Ó dúró, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń wo èéfín náà. Ẹ̀rọ ti di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Bàbá àwọn ọmọ!" ló ké. "Ẹ bá mi tú ọgbà yìí!"

Káfíńtà jáde pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ bí ẹni pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń retí kí wọ́n pè é. Kò béèrè ìdí. Ìṣó tí òun fúnra rẹ̀ kàn, ó mọ ibi tó wà; ó fa pákó kan yọ, èkejì, ẹ̀kẹta, yìnyín ń lù ú lórí, kò sì gbé ọwọ́ bo orí. Lẹ́yìn náà ó wá gbé ẹsẹ̀ àpótí kan, Tíṣà gbé ìkejì. Wọ́n ń rìn bí ẹni gbé ẹyin, ìyẹn ni pé wọ́n ń rìn bó ṣe yẹ. Kúbùsù bo àpótí. Ìyá Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà mú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wà níwájú ààrò, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn mẹ́ta àti àpótí, omi ń kán lára wọn.

Tíṣà gbé àpótí kalẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ni, kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣòroó sọ lẹ́nu rẹ̀ bí èyí.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, mo wá bẹ̀ yín. Ẹyin mi ń kú."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo Ìyá Àgbà. Ó nu ọwọ́ sára ẹ̀pọ́rọ̀nù.

"Ooru mélòó ló ń fẹ́?"

"Mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀."

"Ìyẹ̀fun mi náà kò jìnnà síyẹn kó tó wú dáadáa." Ó ti ń rìn lọ. Ẹ̀yìn ààrò ni yàrá kékeré kan wà, kò ní fèrèsé, ògiri rẹ̀ kan ni ẹ̀yìn ààrò gan-an. Ibẹ̀ ló máa ń to ìyẹ̀fun pípò sí kó lè wú kó tó wọ iná. Tíréè mẹ́rìnlá ló wà lórí pẹpẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n jáde sínú òtútù.

"Wọ́n á rọ̀ o," ni Tíṣà wí. "Búrẹ́dì yín á bàjẹ́."

"Màá tún òmíràn pò. Ṣé ẹ lè tún ẹyin pò ni?" Ó ti tíréè sí Káfíńtà láyà. "Ẹ gbà, ẹ má dúró bí òpó."

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Wọ́n kó ẹyin náà jáde nínú àpótí tútù, wọ́n tò wọ́n sórí tíréè tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé bàsíà omi gbígbóná sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ; kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, bó ṣe máa ń ṣe é fún ìyẹ̀fun náà nìyẹn. Tíṣà so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Ó ń gòkè: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì, mẹ́tàdínlógójì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú rẹ̀ bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà, Káfíńtà nìkan ló dúró lápá kan, tó ń to igi sínú iná.

Ó pẹ́. Kò sí ohùn kankan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Yìnyín dáwọ́ dúró, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tíṣà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá ṣe pé ó fún Alákàbà láàárọ̀ ńkọ́? Ó gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò tinú tẹ̀yìn, bó ṣe ń gbé ẹyin síwájú tọ́ọ̀ṣì, kò sì rí ohun tó fi lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò rí ohun tó fi lè dá ara rẹ̀ láre pátápátá.

"Yéè!" ni Ìyá Àgbà ké.

Gbogbo wọn fò dìde.

"Ó ta mí! Ó fẹnu ta mí lọ́mú!" Ó tú ìró, ó sì bu ọwọ́ sáyà. Nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọmọ adìẹ kan nà gbalaja, ó tutù, ó burẹ́wà, ìdajì èèpo ṣì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Ó la ẹnu, ó ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

"Ọmọ keje rèé, Ìyá!" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, ẹ̀rín sì gbé e débi tó fi ní láti di bẹ́ǹṣì mú. Tíṣà náà ń rín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rín lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ohùn kan, ohùn márùn-ún, ohùn tí wọn ò lè kà mọ́.

Láti ìgbà náà lọ, wọn ò jókòó. Káfíńtà kó èérún igi gbígbẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó fi pákó ọgbà tó tú kan àpótí pẹrẹsẹ kan fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Tíṣà ń gbé èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ti gbẹ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ gíga ni wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ti di mẹ́rìnlélógójì. Mẹ́wàá ṣì ń kan èèpo lọ́wọ́. Mẹ́sàn-án tutù, Tíṣà gbé wọn sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àsìkò náà ni àwọn tó ń ra búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́ wọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ fún wọn pé búrẹ́dì ò tó nǹkan, àmọ́ kí wọ́n wá wo ohun tí ààrò òun bí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wò. Ẹni tó sọ láàárọ̀ pé ìgbéraga ni ń béèrè bóyá wọ́n máa fún òun ní akọ kan àti abo méjì bí wọ́n bá dàgbà. "Adìẹ Tíṣà nìyẹn," ni wọ́n ń sọ fún ara wọn. "Yìnyín gan-an ò rí wọn gbé ṣe."

Rédíò wọlé, rédíò tútù lábíyá. "Òpó ti wó lójú títì," ló wí. "Kò sí ilé tó níná títí dé orítà. Àti àwa tá a san."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo Tíṣà.

"Alákàbà ti pè mí," ni Rédíò tún wí. "Ó ní ká dá owó jọ, ìlọ́po méjì, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òpó náà á sùn síbẹ̀ oṣù mẹ́fà."

Tíṣà gbé ọmọ adìẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn. "Mò ń lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná lọ́la. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn pátápátá. Màá kó rìsíìtì mi dání."

"Kí lẹ fẹ́ sọ?" ni Rédíò béèrè, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Wọ́n á ní ta ló rí i? Ẹ̀yin tẹ́ ò fún un rí, kí lẹ fẹ́ jẹ́rìí sí? Ẹni tó fún un ni wọ́n máa béèrè. Ta ló máa dìde láàárín wa tí yóò ní òun ni?"

Iná ààrò ń ta. Ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ ro ilẹ̀. Ẹlòmíràn ń ka búrẹ́dì tó ti kà tẹ́lẹ̀.

"Èmi."

Lẹ́yìn wọn ló ti wá. Káfíńtà gbé òòlù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó bọ́ síwájú títí iná fi mọ́lẹ̀ sí i lójú.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fún un," ló wí. "Ìyàwó mi ò mọ̀. Ó ń dìde nípàdé, ó ń fi ilé wa yangàn lójú yín, èmi ń wolẹ̀, torí mo ti sọ ọ́ di elékèé láìjẹ́ kó mọ̀. Mo mọ ọjọ́. Mo mọ ibi tá a dúró sí. Èmi ni màá bá a lọ."

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Mo mọ ọjọ́ tèmi náà," ni Rédíò wí.

"Tèmi kọjá mẹ́ta," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Agogo mẹ́fà ni búrẹ́dì mi ń jáde. Ẹ dúró dè mí."

Nínú àwọn tó kù, kò sẹ́ni tó jáde.

Tíṣà ń wo ọkọ rẹ̀. Òtútù ti mú un, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, yìnyín ti mú kókó wú sí i níwájú orí ní ojú méjì. Láàárọ̀, ó rò pé òun mọ ohun tí òun fi ń yangàn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sún díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá ibi tó ṣí sílẹ̀ náà.

"Ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀," ló wí. "Ẹ wá jókòó."

Káfíńtà jókòó. Ìyá Oníbúrẹ́dì bu búrẹ́dì gbígbóná sí méjì, ó nà án sí wọn, ó sì yára mú ọmọrí bo èyí tó kù kí ìyẹ́ kankan tó balẹ̀ sórí rẹ̀.